Epo ń wọlé, ata ń kúnná: kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré ni mo fi ń lọ ata àti èlùbọ́ lọ́jà. Ojoojúmọ́ ni mò ń ra epo, epo sì ti wọ́n jù. Ohun tí kò yé mi ni pé epo yìí tutù, ó ń ṣàn bí omi. Báwo ló ṣe wá di agbára tó ń yí irin tó wúwo báyẹn? Èkejì, mẹkáníìkì mi sọ pé bí mo bá ra epo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ẹgbẹ̀rún méjì ń gbóná dànù nínú rẹ̀. Ó ní kí n ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ó kàn fẹ́ rí ọjà tà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá mẹkáníìkì yín láre lórí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó epo yín ń gbóná dànù. Kódà, ó ṣàánú yín nínú ìṣirò rẹ̀, torí òfò náà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun. Tí ẹ bá ra irú kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa sun epo dànù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú òfò yìí ti wà nínú bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló wà níkàáwọ́ yín, díẹ̀ yẹn náà sì tó owó. Máa dé orí rẹ̀. Àmọ́ kò ní yé wa dáadáa àfi tí a bá tọpa epo náà láti inú táńkì títí dé ìdí irin ìlọta.

Mi ò rí ẹ́ńjìnnì yín, nítorí náà máa fi Honda GX160 ṣe àpẹẹrẹ. Òun àti àwọn tí wọ́n fara wé e ní Ṣáínà, tí wọ́n máa ń kọ 168F sí lára, ni mo máa ń bá nídìí ẹ̀rọ ata, nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi àti nínú jẹnẹrétọ̀ kéékèèké. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ní. Ihò sílíńdà náà fẹ̀ tó mìlímítà 68, písítìn inú rẹ̀ sì ń lọ sókè-sódò ní ìwọ̀n mìlímítà 45. Àyè tí písítìn ń gbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 163 cc, kò tó ìlàjì ìgò mínírà.

Ẹ ní epo tutù, ó ń ṣàn bí omi. Agbára epo kò sí nínú ìgbóná tàbí ìtutù rẹ̀, inú bí kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ṣe so mọ́ra níbẹ̀ ló wà. Tí àwọn méjèèjì bá rí ọ́síjìn, tí iná díẹ̀ sì tọ́ wọn, wọ́n á já ara wọn sílẹ̀, wọ́n á lọ so mọ́ ọ́síjìn, ooru ńlá á sì jáde. Lítà kan epo bẹntiróòlù ní agbára tó tó nǹkan bíi mẹgajúùlù 32 nínú (mẹgajúùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára). Ká ní ẹ̀rọ kan wà láyé tó lè lo gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun ṣòfò, lítà kan yẹn tó láti gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan sókè ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní sí.

Epo tó bá ṣì jẹ́ olómi kì í jó. Èyí tó bá ti gbẹ kúrò lójú rẹ̀, tó ti di gáàsì, tó sì ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, ló ń jó. Bẹntiróòlù yá láti di gáàsì ju ọ̀pọ̀ epo lọ. Nínú òtútù tó tó nǹkan bíi -40 °C pàápàá, gáàsì tó ń jáde lójú rẹ̀ ti tó láti gbiná tí iná bá kàn án, ká má tíì sọ ti ọjà wa tí oòrùn ń pa. Òórùn tó ń gbá yín nímú bí ẹ bá ṣí táńkì, òun gan-an lohun tó ń ṣiṣẹ́. Òun náà ló ń pa èèyàn. Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń rọ epo sí ẹ́ńjìnnì tó ń yí lọ́wọ́ torí pé àwọn oníbàárà tò sílẹ̀: ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Kàbúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀ tó fún ní àárín. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré gba ibi tó fún yẹn kọjá, bẹ́ẹ̀ ló ń fa epo gòkè láti inú abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀, epo á gba ihò tín-ín-rín jáde, á sì fọ́n káàkiri. Ìwọ̀n tó tọ́ ni kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo kan. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, lítà epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 9,000 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Epo nìkan lẹ ń rà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yín ń mu jù.

Nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ọ́síjìn kò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Náítírójìn ló gba ìdá 78. Náítírójìn kì í bá wọn lọ́wọ́ sí jíjó iná, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ títì. Nígbà tí epo bá jó, ooru rẹ̀ á wọ inú náítírójìn yìí, náítírójìn á fẹ́ wú, àyè á há fún un, á máa ti gbogbo ohun tó yí i ká. Ògiri sílíńdà kò lè yẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì kò lè yẹ̀. Písítìn nìkan ló lè sún fún un. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ẹ́ńjìnnì lórúkọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni mi ò bá pè é.

Ìrìn mẹ́rin ni písítìn ń rìn kí agbára tó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìrìn kìíní, ó ń lọ sísàlẹ̀, fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré) tó ń gbà wọlé ṣí, afẹ́fẹ́ àti epo rọ́ wọlé. Nínú ìkejì, fáàfù méjèèjì ti, písítìn gòkè, ó fún gbogbo ohun tó gbà pọ̀ sínú àyè kékeré tó wà lókè. Ìkẹta ni ìrìn agbára: iná ràn, písítìn sá wálẹ̀. Nínú ìkẹrin, ó tún gòkè, fáàfù àbájáde ṣí, ó sì gbá èéfín dà sínú sàlẹ́ńsà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ń parí nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá pín ẹ̀kán epo kan ṣoṣo sí mẹ́ta, ìdá kan rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń jó lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá sì ń ṣe gbogbo agbára rẹ̀ ni mò ń sọ yẹn.

Ìrìn kejì, fífún pọ̀, ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ìtàn ẹ̀rọ yìí sì wà nínú rẹ̀. Ní 1860, Étienne Lenoir, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé ní Paris, ṣe ẹ́ńjìnnì kan tó ń jó gáàsì tí wọ́n yọ láti inú èédú. Ó ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn sì rà á. Àmọ́ Lenoir kò fún gáàsì náà pọ̀ kó tó tan iná sí i, ohun tó sì ń di iṣẹ́ nínú ooru tó ń sun kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1862, Alphonse Beau de Rochas, ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún un pọ̀ kí iná tó kàn án, ṣùgbọ́n kò kan ẹ́ńjìnnì kankan. Nikolaus Otto ló wá mú un ṣiṣẹ́ ní Deutz, nílùú Cologne ní Jámánì, ní 1876. Gáàsì èédú ni ti Otto náà ń jó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1886, ni Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ tó ń lo epo olómi. Ìrìn mẹ́rin ti Otto yẹn kò tíì yí padà, òun náà lẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìsọ̀ yín láràárọ̀.

Kí ló wá dé tí fífún pọ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Inú fífẹ̀ tí gáàsì gbígbóná ń fẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń jáde. Bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó máa rí fẹ̀ sí ṣe pọ̀ tó kí písítìn tó dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù, ooru tó sì ń kúrò lára rẹ̀ ló ń di agbára tó ń ti písítìn. Tí kò bá rí àyè fẹ̀ dáadáa, á jáde lọ pẹ̀lú gbogbo ooru rẹ̀ lára. GX160 ń fún tirẹ̀ pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́jọ àbọ̀ tàbí mẹ́sàn-án. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò fi sọ ọ́ di ogún, ká lè jèrè sí i. Bẹntiróòlù kò gbà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Kí pọ́lọ́ọ̀gì tó tan iná rárá, inú sílíńdà ti ju 300 °C lọ. Tó bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, epo tó wà ní igun, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbiná fúnra rẹ̀ lójijì, ẹ ó sì máa gbọ́ kò-kò-kò bíi kí wọ́n máa fi òòlù lu irin. Nọ́ńbà octane tí wọ́n ń kọ sára epo ń sọ bí epo náà ṣe lè ní sùúrù tó kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kẹrosíìnì kò ní sùúrù rárá. Ẹni tó bá ta bẹntiróòlù tí wọ́n bu kẹrosíìnì sí fún yín, ẹ́ńjìnnì yín ló ń bá jà.

Pọ́lọ́ọ̀gì kì í dúró kí písítìn dé òkè pátápátá kó tó tan iná. Iná ń gba àkókò láti ràn káàkiri, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú díẹ̀, kí agbára náà lè kún nígbà tí písítìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí iná bá ràn, gáàsì náà á ju 2,000 °C lọ, á sì máa ti písítìn pẹ̀lú agbára tó lè tó ìlọ́po 30 èyí tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń tẹ̀ wá. Tí ẹ bá fi ojú písítìn tó fẹ̀ tó mìlímítà 68 ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ló ń jókòó lé e lórí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe písítìn, ó sì ń yọ́ ní 660 °C. Ohun tó ń gbà á là ni pé gbogbo ìrìn agbára yẹn kò gbà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, àti pé ríìngì tó yí písítìn ká, ọ́ìlì àti àwọn ìyẹ́ irin tó wà lára sílíńdà ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ láìsinmi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyẹ́ irin yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Sókè-sódò nìkan ni písítìn mọ̀, irin ìlọta sì ń fẹ́ ohun tó ń yí. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rí mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú èyí. Ẹsẹ̀ ń tẹ pátákó sókè-sódò, ọ̀pá kan so pátákó náà mọ́ àgbá ńlá ní ibi tí kì í ṣe àárín gbùngbùn rẹ̀, àgbá sì ń yí. Písítìn ni ẹsẹ̀ aránṣọ, kọ́ńrọ́ọ̀dù ni ọ̀pá, kíráńkì ló dúró fún ibi tí ọ̀pá ti di àgbá mú. Aránṣọ tó bá sì dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ mọ̀ pé àgbá ò ní dúró lójú ẹsẹ̀, torí ó wúwo, ó ti gba eré sára. Irin róbótó tó wúwo tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹ ti ń fa okùn, ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an. Nínú ìrìn mẹ́rin, ẹyọ kan ló ń mú agbára wá. Mẹ́ta yòókù, gbèsè ni, irin wúwo yìí ló sì ń bá wọn san án.

Ohun kan máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu níbí. Tọ́ọ̀nù kan ń tẹ písítìn nínú, àmọ́ tí ẹ bá wo ìwé tí Honda fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yìí, agbára yíyí tó ń dé ìta kò ju nǹkan bíi mítà-Newton mẹ́wàá lọ, ìyẹn ni pé bíi kí wọ́n gbé kílò kan kọ́ sí orí ọ̀pá tó gùn ní mítà kan. Ibo ni ìyókù wọlé sí? Kò sọnù. Tọ́ọ̀nù yẹn kò pẹ́ rárá kó tó rọlẹ̀, ìgbà kan ló sì ń wáyé nínú yíyí méjì. Apá kíráńkì tó ń tì náà kúrú, kò ju mìlímítà 22 àti àbọ̀ lọ. Nígbà tí ìtì náà bá sì lágbára jù, lókè pátápátá, ó dojú kọ kíráńkì gbọọrọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yí i. Tí ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ káàkiri yíyí méjì, mẹ́wàá yẹn náà ló kù.

Mẹ́wàá kò tó lọ ata rodo tó pọ̀, ká má sọ èlùbọ́. Ìdí nìyí tí púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì fi kéré, tí ti ẹ̀rọ ìlọta sì tóbi. Tí èkejì bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, irin ìlọta á máa yí ní ìdá kan nínú mẹ́ta eré ẹ́ńjìnnì, ipá rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi eré ra ipá nìyẹn. Gọ́fánọ̀ ló kù. Ẹ ti ṣàkíyèsí pé bí ẹ bá da ata sí i, ohùn ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà á bú ramúramù. Gọ́fánọ̀ ló rí i pé eré ń já wálẹ̀, ló bá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti epo púpọ̀ sí i. Bí ata bá tán, á tún tì í. Èyí túmọ̀ sí pé bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni epo ṣe ń wọlé tó, àmọ́ ó ní iye kan tí kò lè lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà yín. Nínú irú ẹ́ńjìnnì kékeré báyìí, tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú ẹrù tó kún, nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ooru epo ló ń dé púlì. Nǹkan bíi 750 náírà nìyẹn. Ìyókù pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba sàlẹ́ńsà jáde. Ìpín ńlá mìíràn ń gba ara sílíńdà àti àwọn ìyẹ́ irin rẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Díẹ̀ ń parí sínú ìfira-kanra ríìngì, bẹ́rìn àti fáàfù, àti sínú wàhálà fífa afẹ́fẹ́ wọlé àti títì í jáde. Òun náà á sì di ooru níkẹyìn.

Ṣé wọn ò wá lè dí sàlẹ́ńsà yẹn lọ́nà kan? Ọ̀dọ́ ẹnjiníà ológun kan ní Faransé, Sadi Carnot, ti dáhùn èyí ní 1824, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rárá. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó bá ń fi ooru ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti gba ooru àti ibi tó tutù jù ú lọ tí yóò máa da díẹ̀ nínú ooru náà sí. Tí kò bá rí ibi dà á sí, kò ní ṣiṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì yín, afẹ́fẹ́ ọjà ni ibi tútù yẹn. Lórí ìwé, tí kò bá sí ìfira-kanra kankan, tí ooru kankan kò sì gba ara irin lọ, ẹ́ńjìnnì tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní mẹ́jọ àbọ̀ kò lè sọ ju ìdá 57 ooru rẹ̀ di iṣẹ́ lọ. Òkè tí a ò lè gùn kọjá nìyẹn, a ò sì dé ìdajì rẹ̀ gan-an. Toyota, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Prius tó jáde ní 2015, kéde ìdá 40. Mercedes kéde ní 2017 pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje Formula 1 wọn ti kọjá ìdá 50 nínú yàrá ìdánwò. Owó tí wọ́n ná sórí ẹyọ kan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè ra gbogbo ẹ̀rọ ata tó wà lọ́jà yín.

Omi tó máa ń kán lẹ́nu sàlẹ́ńsà láàárọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe pé wọ́n ta epo tí wọ́n bu omi sí fún yín. Háídírójìn inú epo ló so mọ́ ọ́síjìn. Lítà epo kan tó bá jó ń mú omi tó tó nǹkan bíi lítà kan jáde. Gbígbóná tó gbóná ló ń jẹ́ kó lọ bí èéfín. Nígbà tí sàlẹ́ńsà bá ṣì tutù, ẹ ó rí i.

Ó wá ku ohun tó wà níkàáwọ́ yín. Èyí tó tóbi jù ni yíyí lásán. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí láìlọ nǹkan kan ń sun epo láti borí ìfira-kanra tirẹ̀ àti láti máa fa afẹ́fẹ́, kò sì sí ìdá kan nínú rẹ̀ tó dé inú ata ẹnikẹ́ni. Ẹ ti rí i lọ́jà: oníbàárà kan lọ tán, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ẹ ń gba owó, ẹ ń fún ṣéńjì, ẹ ń kí ẹni tó ń kọjá. Owó ń jó. Tí ìdúró bá máa ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ pa á. Tí ẹ bá sì lè kó ata ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ kí ẹ tó tan án, kí ẹ lọ wọ́n tẹ̀ léra wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lára kẹ́ẹ̀gì epo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lójú tèmi, èyí nìkan lérè ju ẹ́ńjìnnì tuntun lọ.

Èkejì ni fílítà afẹ́fẹ́. Ẹ ní ẹ ń lọ èlùbọ́. Ìyẹ̀fun tó ń fò káàkiri nígbà yẹn, inú fílítà ló ń kó sí. Tí fílítà bá dí, afẹ́fẹ́ ò ní tó, epo á pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, kò ní rí ọ́síjìn tó máa jó o tán. Èéfín dúdú nìyẹn, pọ́lọ́ọ̀gì tó dúdú bí ìdí ìkòkò náà nìyẹn. Fílítà oní-fóòmù kò ju kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ẹ fún ọ́ìlì tó pọ̀ jù kúrò. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń lọ ohun gbígbẹ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí mẹkáníìkì bá wá kó tó fọ̀ ọ́. Ẹ sì wo ṣọ́ọ̀kì náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tì í láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tan, tí wọ́n á sì gbàgbé láti ṣí i padà. Gbogbo ọjọ́ yẹn, epo àjẹjù ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ.

Ẹ wo àwọn ìyẹ́ irin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Omi ata tó ta sí i, tí ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́, tó wá gbẹ lé e lórí, á di aṣọ òtútù fún sílíńdà. Ooru tó yẹ kó jáde á dúró síbẹ̀, ọ́ìlì á jóná, ríìngì á sì tètè jẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a nígbà tó bá tutù. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ náà ń jẹ owó. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì, tó gbóná janjan, yíyọ̀ ló ń yọ̀ lórí púlì. Ooru tó wà lára rẹ̀ yẹn, ara 750 náírà yín ló ti jáde.

Mi ò fẹ́ kọjá láìmẹ́nu ba gáàsì kan. Epo tí kò bá rí ọ́síjìn tó ń di kábọ́ọ̀nù mọnọ́síàìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ìsọ̀ tó ṣí sílẹ̀ kò burú. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ wá ti ilẹ̀kùn, tí ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ilé pẹ̀lú yín, kò sí iye ata tó tó ìyẹn.

Nígbà wo wá ni ẹ́ńjìnnì tuntun tọ́? Tí ọ́ìlì bá ń jó, tí èéfín tó ń jáde sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí okùn rọrùn láti fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé ríìngì tàbí fáàfù ti jẹ, pé afẹ́fẹ́ ń sá lọ nígbà tó yẹ kó fún un pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì yín wo àlàfo fáàfù. Lára àwọn GX160 àtijọ́, nígbà tó bá tutù, mìlímítà 0.15 ni ti àbáwọlé, 0.20 ni ti àbájáde. Ṣíṣe àtúnṣe rẹ̀ kò ná yín tó ìdá kékeré kan nínú owó ẹ́ńjìnnì. Tí ríìngì bá ti jẹ lóòótọ́, ẹ pààrọ̀ ríìngì.

Dísù, bíi Lister tí àwọn ìyá wa àtijọ́ fi lọ gàrí, máa ń sọ ooru púpọ̀ sí i di iṣẹ́, torí ó ń fún afẹ́fẹ́ nìkan pọ̀, ó sì lè fún un dé ìlọ́po 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù kò-kò-kò. Àmọ́ ó wúwo, ó wọ́n, ẹni tó bá ń lọ nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́ nìkan ló máa rí èrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ ná lóòótọ́, mọ́tò iná mànàmáná ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn. Ìdá tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá gbà ló ń sọ di yíyí, kò sì ń jẹ ohunkóhun nígbà tí ẹ bá pa á. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ́ńjìnnì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí bẹ́líìtì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá mú iná wá, ẹ lo mọ́tò. Nígbà tí wọ́n bá mú un lọ, ẹ fa okùn.